Ojú Pópó Ta Ni? Èrò Àwọn Ará Àdúgbò lórí Ìwé-Àṣẹ Ìgbọ́kọ̀sí ní Arlington àti ní Lọ́ńdọ̀nù, 1977 sí 2013

1. Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀wò nínú iṣẹ́ yìí ni èrò àwọn tí ń gbé ní òpópónà kan nípa ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti gbé ọkọ̀ sí iwájú ilé wọn. Ọ̀rọ̀ náà lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí ìtàn ogun, ìtàn oyè àti ìtàn òwò ti mọ́ lára. Ṣùgbọ́n bí a bá tú u palẹ̀, a ó rí i pé ìbéèrè mẹ́ta tí ó ti ń da ìlú láàmú láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Ta ni onílé, ta sì ni àlejò? Ta ni ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ lọ̀ kí a tó ṣe òfin? Kí ni owó tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ ará ìlú wà fún?

Ìwé-àṣẹ ìgbọ́kọ̀sí tí a ń sọ ni ìwé tí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ń fún ẹni tí ń gbé ní àdúgbò kan, kí ó lè máa gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì ní àwọn wákàtí tí a kò gba ẹlòmíràn láàyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ mẹ́ta ni a ó fi ṣe òpó iṣẹ́ wa. Èkíní ni ti Arlington ní ìpínlẹ̀ Virginia, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a dá ní 1977. Èkejì ni ti Primrose Hill ní Camden, ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ní 1995. Ẹ̀kẹta ni ti Barnet, ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, ní 2013. Ìdí tí a fi gbára lé ẹjọ́ ni pé iwájú adájọ́ ni ìkùnsínú aládùúgbò ti máa ń di àríyànjiyàn tí a gbọ́dọ̀ dá lóhùn.

Èrò tí a fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ìfọwọ́sí àwọn ará àdúgbò ni ó fún ìwé-àṣẹ yìí ní ẹsẹ̀ tí ó fi dúró, àti pé ìfọwọ́sí kan náà ni ó mú kí ohùn àlejò rẹlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ó kan òun náà gbọ̀ngbọ̀n.

2. Ojú Pópó kí Ìwé-Àṣẹ Tó Dé

Nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìrìn ni a ṣe ọ̀nà fún. Ẹni tí ó bá ń lọ ni ó ni í nígbà tí ó ń lọ. Bí ó bá ti kọjá, ó di ti ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní 1812, a gbé onílé-iṣẹ́ kan tí ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó èrò lọ sí ilé-ẹjọ́ nítorí pé ó ń jẹ́ kí àwọn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dúró pẹ́ jù ní Charing Cross, Lọ́ńdọ̀nù. Adájọ́ Àgbà Ellenborough sọ ọ́ di mímọ̀ pé pópó ọba kì í ṣe àgbàlá tí ènìyàn ń so ẹṣin mọ́. Lábẹ́ ìlànà yìí, onílé àti àlejò dọ́gba. Kò sí èyí tí ó ní ẹ̀tọ́ àtidúró pẹ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n ní ẹ̀tọ́ àtikọjá.

Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni ó da ìlànà náà rú. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé tí ó wà ní àwọn òpópónà Lọ́ńdọ̀nù ni a ti kọ́ ní ayé Ọbabìnrin Victoria, nígbà tí kò sí ẹni tí ó ń ronú ibi tí a ó gbé ọkọ̀ sí. Ní 1950, nǹkan bí mílíọ̀nù 2 ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ aládàáni ni ó wà ní ìwé ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland àti Wales lápapọ̀. Nígbà tí yóò fi di 1970, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 10. Ọkọ̀ kì í sì í rìn ní gbogbo ọjọ́. Ìdúró ni ó ń ṣe jù. Bí ẹ̀gbẹ́ títì ṣe di ibùjókòó ọkọ̀ nìyẹn, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rọ tí ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí ni ìjọba kọ́kọ́ fi dáhùn. Oklahoma City ní Amẹ́ríkà ni a ti kọ́kọ́ ri irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ní oṣù Keje 1935. Ó di oṣù Keje 1958 kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù, ní agbègbè Mayfair ní Westminster. Ní 1963, ìròyìn tí Colin Buchanan darí kíkọ rẹ̀ fún ìjọba, tí a mọ̀ sí *Traffic in Towns*, kìlọ̀ pé bí ọkọ̀ bá ń pọ̀ sí i láìsí ètò, yóò ba ibùgbé ènìyàn jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á kíyè sí ìyàtọ̀ kan tí ó ṣe pàtàkì. Ẹ̀rọ agbowó kì í béèrè ẹni tí ènìyàn jẹ́. Ẹni tí ó bá ní owó ẹyọ lọ́wọ́ lè dúró, ìbáà ṣe onílé, ìbáà ṣe ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá. Ìwé-àṣẹ ní tirẹ̀ ń béèrè pé, ‘Níbo ni o ń gbé?’ Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìbéèrè yẹn ní ojú pópó ni ìdọ́gba ti 1812 ti yẹ̀.

3. Arlington: Ta Ni Onílé, Ta Ni Àlejò?

Arlington wà ní òdì kejì odò Potomac sí ìlú Washington. Láti àwọn ọdún 1960 ni a ti ń kọ́ ilé gogoro ti ọ́fíìsì àti ti ìtajà sí apá ibẹ̀ tí a ń pè ní Crystal City. Aurora Highlands, àdúgbò ilé gbígbé, wà nítòsí. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wakọ̀ wá síbi iṣẹ́ ní Crystal City a máa gbé ọkọ̀ wọn sí iwájú ilé àwọn ará Aurora Highlands ní òwúrọ̀, wọn a sì wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́.

Ìjọba ìbílẹ̀ Arlington ṣe òfin pé kí alákòóso àgbà rẹ̀ máa yan àwọn àdúgbò tí ọkọ̀ àwọn ará ìta ti pọ̀ jù. Ní àdúgbò tí a bá yàn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì láti agogo 8 òwúrọ̀ sí agogo 5 ìrọ̀lẹ́ ní ọjọ́ iṣẹ́, àfi bí ó bá ní ìwé-àṣẹ. Ọ̀fẹ́ ni ìwé náà. Wọ́n ń fún àwọn tí ń gbé ibẹ̀, àwọn tí ó bá wá bá wọn ṣe òwò, àti díẹ̀ nínú àwọn àlejò wọn.

Òfin náà ka ìdí tí a fi ṣe é. Ó mẹ́nu kan èéfín, ariwo àti ìdọ̀tí tí ọkọ̀ ń mú wá. Ìṣòro tí onílé ń ní kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀. Ààbò àwọn ọmọdé àti ẹlẹ́sẹ̀. Àti pé kí iye tí ilé ibẹ̀ ń tà má bàa wálẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gbé láàárín aládùúgbò rí yóò mọ ohùn tí ń bẹ nínú àkójọ yìí. Ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ọ̀rọ̀ owó ilé ni wọ́n jókòó ti ara wọn lórí ẹní kan náà, kò sì rọrùn láti mọ èyí tí ó pe èkejì wá.

Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ pe ẹjọ́. Àròyé wọn ni pé òfin náà ya ènìyàn sọ́tọ̀ láìtọ́: ọkọ̀ onílé àti ọkọ̀ òṣìṣẹ́ gba àyè kan náà ní ẹ̀gbẹ́ títì kan náà, síbẹ̀ a gba ti ọ̀kan, a kọ ti èkejì. Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Virginia gbà pẹ̀lú wọn. Ó ní òfin náà lòdì sí Àtúnṣe Kẹrìnlá, èyí tí a fi kún ìwé òfin Amẹ́ríkà ní 1868, tí ó ní kí òfin dáàbò bo gbogbo ènìyàn bákan náà.

Ní oṣù Kẹwàá 1977, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti gbogbo Amẹ́ríkà da ìdájọ́ yẹn nù. Ó sọ pé ìlú lè dín àyè ìgbọ́kọ̀sí kù fún àwọn tí ń ti ìta wá, kí wọ́n lè máa di ọkọ̀ kan pọ̀ tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ èrò. Pé ìlú sì lè pinnu pé dídín ọkọ̀ kù ní àdúgbò yóò dín ariwo, ewu àti ìdọ̀tí kù. Ó gbà pé irú òfin bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàìya ará àdúgbò sọ́tọ̀ kúrò lára ará ìta, ṣùgbọ́n ó ní ìyàsọ́tọ̀ yẹn nìkan kò sọ ọ́ di ohun tí ìwé òfin kà léèwọ̀. Ó yẹ kí á rántí pé oṣù Keje ọdún yẹn gan-an ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dúró ní Crystal City. Nítorí náà, nígbà tí ilé-ẹjọ́ sọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò, ọ̀nà mìíràn wà nítòótọ́ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà.

Bí a bá fara balẹ̀ wo ìdájọ́ yìí, kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí a ti sọ pé títì ti di ti àwọn ará Aurora Highlands. Ohun tí ó sọ ni pé ìlú lè fún wọn ní àyè ṣáájú ẹlòmíràn bí ó bá wu ìlú. Ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ogún. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí ó ti gba ẹ̀bùn kan fún ọdún mẹ́wàá, ìyàtọ̀ àárín ẹ̀bùn àti ogún kì í pẹ́ parẹ́.

4. Primrose Hill: Ta Ni A Ó Fi Ọ̀rọ̀ Lọ̀?

Ní Arlington, ará ìta ni ó pe ẹjọ́. Ní Camden, àwọn tí a ní a fẹ́ ṣe ní oore ni wọ́n kọ̀ ọ́. Primrose Hill wà ní àríwá Regent's Park. Ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Camden pinnu láti sọ ibẹ̀ di agbègbè tí a ti ń fi ìwé-àṣẹ gbé ọkọ̀. Àwọn ará àdúgbò kan gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní 1995, Adájọ́ McCullough fagi lé ètò náà, nítorí pé ìgbìmọ̀ kò fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ará àdúgbò bí ó ti yẹ.

Kí ni ó lè mú kí onílé kọ ohun tí a ṣe fún un? Ìdí pọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ohun tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ lánàá yóò di ohun tí a ń san owó fún. Lẹ́ẹ̀kejì, ìwé-àṣẹ kò fún ènìyàn ní ojú kan pàtó. Ẹ̀tọ́ àtiwá àyè ni ó fún un, ó sì lè wá a títí kí ó má rí i. Lẹ́ẹ̀kẹta, a máa dí àlejò, oníṣẹ́ ọwọ́ àti ẹni tí ń wá tọ́jú arúgbó lọ́wọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ètò náà a máa ràn bí iná ọyẹ́. Bí òpópónà kan bá ti gba ìwé-àṣẹ, ọkọ̀ tí a lé níbẹ̀ yóò ṣí lọ sí òpópónà kejì, àwọn tí ibẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ìwé-àṣẹ tiwọn. Ẹni tí kò fẹ́ ẹ lánàá lè wá fẹ́ ẹ lónìí, kì í ṣe nítorí pé ọkàn rẹ̀ yí padà, bí kò ṣe nítorí pé aládùúgbò rẹ̀ ti gbà á.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń tẹ̀ sí ibi òwe yìí kí ẹjọ́ Camden tó wáyé. Nínú ẹjọ́ kan tí ó jẹ mọ́ títi ilé-ìwé pa ní Brent ní 1985, a ti la ohun mẹ́rin sílẹ̀ tí ó ń sọ ìfọ̀rọ̀lọ̀ di ojúlówó: kí a bi ènìyàn nígbà tí ìpinnu kò tíì gbó; kí a sọ ìdí rẹ̀ fún un tó; kí a fún un ní àkókò tó; kí a sì fi tọkàntọkàn gba èsì rẹ̀ rò. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti ilẹ̀ náà fọwọ́ sí ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní 2014.

Ṣùgbọ́n ta ni olórí nínú ọ̀rọ̀ ojú pópó? Ìlànà ìjọba ti 1996 nípa òfin ọkọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ 21 láti kọ̀wé tako irú òfin bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti kéde rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn. Kò sọ pé kí ó jẹ́ ará àdúgbò. Nínú ìwé, nígbà náà, àlejò ní ohùn. Nínú ìṣe, ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ará àdúgbò ni a ń fi ìwé ìbéèrè sí. Nọ́ọ̀sì tí ń wakọ̀ wá síbi iṣẹ́ ní agogo 6 òwúrọ̀ kò ní ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, ìwé náà kò sì ní bá a. Ó di ọjọ́ tí ó bá bá ìwé ìtanràn lára ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé a ti ṣe ìpàdé.

5. Barnet: Kí Ni Owó Náà Wà Fún?

Ẹjọ́ Camden ti fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ nípa owó. Adájọ́ McCullough sọ pé òfin ìrìnnà ọkọ̀ ti 1984, èyí tí àwọn ìgbìmọ̀ fi ń ta ìwé-àṣẹ, kì í ṣe òfin owó-orí. Ọdún méjìdínlógún lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yìí so èso ní Barnet, ní àríwá Lọ́ńdọ̀nù.

Ní 2011, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Barnet fi kún owó. Ìwé-àṣẹ onílé tí ó jẹ́ pọ́n-ùn 40 di pọ́n-ùn 100. Ìwé àlejò, èyí tí onílé ń rà sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá wá kí i, kúrò ní pọ́n-ùn 1, ó di pọ́n-ùn 4. Ìgbìmọ̀ fẹ́ kí owó náà ràn án lọ́wọ́ láti tún ọ̀nà ṣe àti láti san owó ọkọ̀ àwọn tí a fún ní àǹfààní àtiwọ ọkọ̀ èrò lọ́fẹ̀ẹ́. Olùgbé kan tí ó wà nínú agbègbè ìwé-àṣẹ gbé ìgbìmọ̀ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Gíga.

Ní ọjọ́ 22 oṣù Keje 2013, Adájọ́ Lang dá olùgbé náà láre. Òfin 1984 gbà kí ìgbìmọ̀ ná owó tí ó bá ṣẹ́kù lórí ohun ìrìnnà kan tí òfin kà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbà kí a mọ̀ọ́mọ̀ fi owó lé ìwé-àṣẹ kí owó lè ṣẹ́kù. Bí a ó bá gba owó-orí, kí a pè é ní owó-orí, kí Ilé Aṣòfin sì fi àṣẹ sí i.

Ó yẹ kí á bi ara wa léèrè ìdí tí inú àwọn ará Barnet fi ru. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra títún ọ̀nà ṣe. Àwọn tí ń gbé inú agbègbè ìwé-àṣẹ nìkan ni a ní kí wọ́n san iye yìí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo Barnet ni yóò rin ọ̀nà náà. Wọ́n gba ìwé-àṣẹ láti dáàbò bo òpópónà wọn lọ́wọ́ ará ìta. Nígbà tí ó yá, ìwé yẹn kan náà di okùn tí a fi mú wọn. Ẹni tí a ti fi hàn pé ó ní ohun kan ni a lè bu owó fún lórí rẹ̀.

6. Ojúde, Àlejò àti Owó

Àwa tí a ń sọ èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Ojúde ni a ń pe ìta gbangba tí ó wà níwájú agbo ilé. Ojúde kì í ṣe yàrá, kì í sì í ṣe ọjà. Agbo ilé ni í gbá a, àwọn ni í ṣe ìnáwó níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá da ìdọ̀tí síbẹ̀, wọn yóò bi í léèrè. Síbẹ̀, a kì í lé ẹni tí ó bá kọjá níbẹ̀ tàbí tí ó jókòó sinmi. Ìtọ́jú ni ó fún agbo ilé ní ọlá lórí ojúde, ọlá yẹn kò sì dé ibi pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ohun tí àwọn ará Aurora Highlands ń wá jọ ojúde. Ohun tí òfin lè fún wọn ni ìwé-àṣẹ tí ó ní agogo ìbẹ̀rẹ̀ àti agogo ìparí.

Ọ̀rọ̀ ìwé àlejò ni ó fi ìyàtọ̀ náà hàn jù. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, Peckham sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a mọ̀ wọ́n mọ́ jù. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú inú wo ìsọmọlórúkọ tí ó bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀, ní òpópónà tí ìwé-àṣẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ kẹjọ kì í yẹ̀ nítorí agogo ìjọba. Bí ọkọ̀ mẹ́wàá bá wá, tí ìwé kan sì tó ọkọ̀ kan fún ọjọ́ náà, ní iye tí Barnet fi lélẹ̀ ní 2011, pọ́n-ùn 40 ni onílé yóò san kí ó tó ra omi àti oyin. Ní iye ti tẹ́lẹ̀, pọ́n-ùn 10 ni. Àwọn àgbà ní lójú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Ṣùgbọ́n gbèsè tí ará ilé fúnra rẹ̀ jẹ nítorí iyì ni òwe yẹn ń sọ. Èyí tí ìjọba dá lé e lórí jẹ́ ohun mìíràn. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ rárá náà wà nínú rẹ̀, nítorí pé kò ní ọkọ̀ kò sọ pé kò ní ìbátan.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé àwọn tí ó rò pé àyè ọ̀fẹ́ fúnra rẹ̀ ni àìtọ́. Donald Shoup, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Los Angeles, kọ ìwé ńlá kan ní 2005 láti fi hàn pé ìgbọ́kọ̀sí ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́: owó rẹ̀ wọ inú owó ilé àti owó ọjà, ẹni tí kò ní ọkọ̀ sì ń bá ọlọ́kọ̀ san án. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí a gba owó, kí a sì ná an sí òpópónà tí a ti gbà á. Ìmọ̀ràn yìí kò bá ìdájọ́ Barnet jà tó bí ó ti lè dà lójú. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni pé ẹni tí ń san owó gbọ́dọ̀ rí ohun tí ó ń san án fún.

7. Àgbálọgbábọ̀

Láti inú ẹjọ́ mẹ́ta tí a ti yẹ̀ wò, ohun mẹ́ta ni ó jáde. Ní 1977, a gbà pé ìlú lè fi ará àdúgbò ṣáájú ará ìta ní ojú pópó. Ní 1995, a sọ pé kò gbọdọ̀ ṣe é láìfi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ará àdúgbò. Ní 2013, a sọ pé kò gbọdọ̀ sọ ọ́ di àpò owó. Ìdájọ́ kìíní fún onílé ní agbára lórí àlejò. Àwọn méjì yòókù dáàbò bo onílé lọ́wọ́ ìjọba. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó béèrè bí a ó ti ṣe gbọ́ ohùn ẹni tí ń ti ìta wá ṣiṣẹ́ ní àdúgbò.

Àlàfo yìí ni ó yẹ kí ẹni tí ń kọ ìtàn ìlú ńlá kíyè sí. Bí a bá ka ìwé ìdáhùn àwọn ará àdúgbò nìkan, a ó rò pé a ti gbọ́ èrò ìlú. Èrò àwọn tí ìwé ìbéèrè bá nílé ni a gbọ́. Òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú arúgbó nínú ilé kẹta, káfíńtà tí ń tún òrùlé ṣe, ìyá tí ó wá wo ọmọ-ọmọ rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń lo títì náà láìní orúkọ nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan bá tún fẹ́ fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn ará òpópónà, yóò dára kí ó lẹ ìwé ìbéèrè kan mọ́ ara àwọn ọkọ̀ tí ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí ó sì ka èsì wọn sí èsì.